Ta ló ti ka èérún inú èéfín bàálù Ìkẹjà?

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú ìfaradà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ èéfín bàálù àti ojú ọjọ́ tó ń yí padà kò kàn wá, pé ti àwọn òyìnbó ni, àbí mélòó nínú wa ló ń wọ bàálù tí a ó fi máa bá wọn ru ẹrù wọn. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tọ̀nà níbì kan, n ó sì sọ ibẹ̀ bí mo bá dé e. Ìyókù ni mo fẹ́ fèsì sí, nítorí pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí tàmáàkì ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà kí n tó fẹ̀yìntì, ilé mi ní Máfolúkù kò sì ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí ògiri pápákọ̀ náà títí di òní. Èmi fúnra mi kò wọ bàálù ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láyé mi. Ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ tí mo ti fà símú, bí wọ́n bá ní kí n san owó rẹ̀ bí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, n kò ní lè san án tán.

Ẹni tí kò bá dúró sẹ́yìn bàálù rí ní ìdájí ọjọ́ ọyẹ́ lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Bàálù àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Àbújá yóò ti jí kí oòrùn tó yọ. Kí wọ́n tó tan àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà ní ìrù rẹ̀, tí a ń pè ní APU, tó ń pèsè iná àti afẹ́fẹ́ tútù fún inú ọkọ̀. Òun ló kọ́kọ́ ń ké. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí èéfín rẹ̀, àfi bí ooru rẹ̀ ṣe ń mú kí iná òkèèrè máa gbọ̀n rìrì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo nǹkan láti orí ààrò. Òórùn rẹ̀ ni òórùn sítóòfù kẹrosíìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ iná rẹ̀ pa. Àwa tí à ń kó ẹrù, àwọn tó ń fi igi pupa méjì júwe ọ̀nà fún awakọ̀, àwọn tó ń rọ epo, gbogbo wa la ní ìbotí nítorí ariwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó ní ìbomú. Ilé iṣẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ kò rò ó, àwa náà kò sì béèrè. Ìyá àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ kí aṣọ iṣẹ́ mi bá tàwọn ọmọ wọ inú bàsíà kan náà. Ó ní omi rẹ̀ máa ń yọ òróró lójú.

Epo tí bàálù ńlá ń jó, Jet A-1, ìbátan pẹ́kípẹ́kí ni fún kẹrosíìnì tí a fi ń tan fìtílà. Bí kílò kan rẹ̀ bá jó tán, yóò di carbon dioxide tó tó kílò 3.16. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé èéfín wúwo ju epo tó bí i lọ. Ìdí ni pé iná náà ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ carbon tó wà nínú epo, àwọn méjèèjì a sì di ohun kan. Ìyẹn ló ń mú ayé gbóná. Kì í ṣe òun ló ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní jàm̀bá. Àwọn tó ń ṣe é ni nitrogen oxides, èéfín sulphur (òfin ṣì gbà kí sulphur inú epo bàálù tó 3,000 nínú mílíọ̀nù kan, nígbà tí ti dísù tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ní Yúróòpù kò gbọdọ̀ ju 10 lọ), àti èérún, ìyẹn àwọn hóró tíntìntín inú èéfín.

Èérún yìí ni mo fẹ́ dúró lé. Kì í ṣe eruku tí à ń fi ìgbálẹ̀ gbá. Bí a bá to ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn sí ìlà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni gbogbo rẹ̀ kò ní ju ìbú irun orí kan lọ. Imú kò lè sẹ́ wọn, ikọ́ kò lè lé wọn jáde. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn a sì bá a wọlé. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan gbé ẹ̀rọ tó ń ka èérún sínú ọkọ̀, wọ́n wà á kiri àdúgbò tó yí pápákọ̀ Los Angeles ní Amẹ́ríkà ká. Ohun tí àwọn ènìyàn gbà tẹ́lẹ̀ ni pé èéfín bàálù kì í jìnnà sí ògiri. Wọ́n rí i pé ní kìlómítà mẹ́wàá sí pápákọ̀ náà, ní ìhà ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, èérún tó wà nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yẹ kó jẹ́. Ní 2020, ìwádìí mìíràn ní ìlú kan náà fi hàn pé àwọn aboyún tó ń gbé níbi tí èérún bàálù ti pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ máa ń bímọ kí oṣù wọn tó pé ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi kìlómítà mẹ́wàá yẹn wọn Èkó wò. Ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, atẹ́gùn inú òkun ló ń fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, á gba orí pápákọ̀ kọjá, á sì máa gbé ohun tó bá bá níbẹ̀ lọ sí Ìkẹjà, Ọ̀pẹ́bì, Ògbà, títí dé Ọ̀jọ́tà. Bí ọyẹ́ bá dé, atẹ́gùn á yíjú padà, á wá kan Máfolúkù, Àjàó, Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. N kò sọ pé bó ṣe rí ní Los Angeles ló ṣe rí níbí. Pápákọ̀ tiwọn tóbi ju tiwa lọ jìnnà. Ohun tí mò ń sọ ni pé atẹ́gùn kì í ka ògiri sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ ní 2021 pé bí èérún bá ti ju 10,000 lọ ní ìpíndọ́gba láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, nínú afẹ́fẹ́ tí kò ju orí ìka kan lọ, ó ti pọ̀ jù, wọ́n sì rọ àwọn ìjọba pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Mo mọ èsì tí yóò wá. Ẹnì kan yóò ní, "Bàbá, ṣé bàálù ló ń pa wá ní Èkó yìí, àbí dánfó àti jẹnẹrétọ̀?" Òótọ́ ni. Báńkì Àgbáyé ṣírò pé ní 2018, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí rán nǹkan bí 11,200 ènìyàn sọ́run àìtọ́jọ́ ní Èkó, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bàálù kọ́ ló ṣáájú nínú ohun tó fà á. Ọkọ̀ ojú títì ni, àti ilé iṣẹ́, àti jẹnẹrétọ̀. N kò ní kí a torí bàálù gbàgbé jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìn fèrèsé mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn, a kì í sọ fún un pé òkúta kan sí i kò ṣe nǹkan. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí: ẹ̀rọ tí wọ́n sábà fi ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́ kò rí èérún bàálù dáadáa. Ìwúwo ni ẹ̀rọ yẹn ń wò, èérún yìí kò sì wúwo. Hóró eruku kan ṣoṣo nínú èyí tí wọ́n ń pè ní PM2.5 lè wúwo ju mílíọ̀nù kan èérún bàálù lọ. Kíkà ni à ń kà wọ́n, ẹ̀rọ tó ń kà á sì yàtọ̀. Nítorí náà, bí aláṣẹ kan bá jáde lọ́la tó ní wọ́n ti wọn afẹ́fẹ́ àdúgbò wa, pé kò sí nǹkan kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ ká bi í ni pé ẹ̀rọ wo ni wọ́n lò.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni pé púpọ̀ nínú èéfín ọ̀hún ni kò gbé èrò kankan lọ sí ibì kankan. Àwọn tó mọ Ìkẹjà mọ̀ pé ojú ọ̀nà méjì ni bàálù ní níbẹ̀ láti sá lé. Èyí tó sún mọ́ ibùdó àwọn tó ń fò láàárín Nàìjíríà, 18L, wà láìní iná fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, títí di ìparí 2022 tí wọ́n tó fi iná sí i. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ojú ọ̀nà kejì ni gbogbo bàálù ń bà sí. Bàálù tó bá ti Àbújá tàbí Port Harcourt dé a wá máa fi táyà rìn bọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A máa ń dúró, a máa ń wo iná iwájú rẹ̀ bó ṣe ń yọ́ bọ̀ láti òkèèrè bí ọkọ̀ tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún bàálù kan, bàálù mélòó lálẹ́, alẹ́ mélòó lọ́dún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ti ìdádúró ńkọ́? Bí wọ́n bá ní bàálù aago méje yóò gbéra ní aago mẹ́wàá, àwọn èrò tó ń bínú nínú gbọ̀ngàn nìkan kọ́ ló ń jẹ̀yà rẹ̀. APU lè máa kùn ní gbogbo àkókò náà, tàbí kí wọ́n wọ́ jẹnẹrétọ̀ onítáyà wá tì í, èyí tó jẹ́ pé dísù ni òun náà ń mu. Ní àwọn pápákọ̀ kan nílẹ̀ Yúróòpù, wáyà iná ni wọ́n ń kì bọ bàálù gẹ́lẹ́ tó bá ti dúró, wọ́n a pa APU, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì fi ń rìn lórí ilẹ̀. Ní Copenhagen, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà lára àwọn tó fi igbe bọnu nítorí ìlera àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí tàmáàkì, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sì dín àkókò tí APU fi ń ṣiṣẹ́ kù. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwa mọ bí wọ́n ṣe ń ti ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ pa nítorí owó oṣù, mo sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. N kò rántí ọjọ́ kan tí a gbé pátákó dání nítorí afẹ́fẹ́ tí à ń mí.

Ti ilẹ̀ ni mo ti ń sọ bọ̀ látẹ̀ẹ̀kan. Ti òkè ló kù. Gbogbo bàálù ayé lápapọ̀ ló ń tú nǹkan bí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún carbon dioxide tí ọmọ ènìyàn ń tú sáfẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ìpín wọn nínú ìgbóná ayé tó bí ìdá 3.5, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde ní 2021, nítorí pé carbon dioxide nìkan kọ́ ló ń ti ara wọn jáde. Ẹ wo ojú ọ̀run ní ọjọ́ tó bá mọ́, ẹ ó rí ìlà funfun tí bàálù tó ń kọjá lókè réré ń fà sẹ́yìn. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń sáré tẹ̀lé e títí ọrùn yóò fi máa dùn wá. Ìlà náà kì í ṣe èéfín gan-an. Ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá sókè, níbi tí òtútù ti ju ti inú fíríìsà lọ fíìfíì, oru omi tó ń ti ẹnu ẹ́ńjìnnì jáde ń rọ̀ mọ́ èérún èéfín, ó sì ń di yìnyín. Bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá gbẹ, ìlà náà á pòórá kíákíá. Bí ó bá kún fún ọ̀rinrin, ìlà náà á fẹ̀, á di ìkùukùu fẹ́lẹ́ tó lè wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Lọ́sàn-án, ó ń dá díẹ̀ nínú ìtànṣán oòrùn padà sókè. Lóru, kò sí oòrùn tí yóò dá padà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un ni kó bo ayé, bí ẹni da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹni tó ń làágùn. Nínú àwọn bàálù tó ń ti Èkó lọ sí London, àwọn kan wà tó jẹ́ pé alẹ́ ni wọ́n ń gbéra.

Apá yìí ni ìrètí tilẹ̀ ti sún mọ́ jù. Ní 2023, Google àti American Airlines kéde pé àwọn awakọ̀ kan yí gíga tí wọ́n ń fò sí padà díẹ̀ nínú ìrìn àjò 70, kí wọ́n lè yẹra fún ibi tí ọ̀rinrin ti pọ̀, ìlà funfun náà sì fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Epo tó lé sí i lórí àwọn ìrìn àjò náà jẹ́ ìdá 2.

Ibi tí òǹkàwé yín ti tọ̀nà rèé. Àwọn onímọ̀ méjì ṣírò pé ní 2018, ènìyàn 11 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ bàálù ní gbogbo ayé, àti pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn àwọn tó ń fò lemọ́lemọ́, ló ni ìdajì carbon dioxide tí àwọn bàálù akérò tú jáde. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀ kò ju bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìrìn àjò òfuurufú àgbáyé. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò jẹ gbì kì í kú gbì; ọ̀rọ̀ yìí ti sọ òwe náà di òdì. Ẹ̀mí tó lé ní 600 ni omíyalé 2022 gbà ní Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sì sọ pé ìgbóná ayé mú kí irú òjò ọdún náà túbọ̀ ṣeé ṣe ní ìlọ́po bí 80. Bàálù nìkan kọ́ ló ni ẹ̀bi ìyẹn, ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Síbẹ̀, mo fẹ́ mọ mélòó nínú àwọn ará Lọ́kọ́ja tí omi lé kúrò nílé ló ti fojú kan inú bàálù rí. Bí òǹkàwé yín bá ní kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀, mo gbà fún un. Àmọ́ ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè kì í sọ pé ọ̀rọ̀ owó kò kan òun.

Àwọn tó jẹ gbèsè náà ti ń dá tiwọn sọ. Nínú àdéhùn Kyoto ti 1997, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ojú ọjọ́, èéfín bàálù tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn kò sí lọ́rùn ìjọba kankan. ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà òfuurufú, ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ó di 2016 kí àjọ náà tó fẹnu kò lórí ètò kan tí wọ́n ń pè ní CORSIA. Nàìjíríà wà lára àwọn tó fínnú-fíndọ̀ wọ̀ ọ́ láti 2021, yóò sì di dandan fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní 2027. Ètò náà kò ní kí ẹnikẹ́ni dín fífò kù. Ohun tó bá lé sí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ti ọdún 2019 ni àwọn ilé iṣẹ́ bàálù yóò sanwó lé lórí, owó náà á sì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo igbó tàbí tí wọ́n ti ń pín sítóòfù tí kì í rú èéfín. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń da omi ẹlẹ́gbin sí àgbàlá mi, tó wá lọ ń gba àgbàlá ẹlòmíràn ní Kenya, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Èérún kò sì sí nínú ìwé ìṣirò CORSIA rárá. Carbon dioxide nìkan ló mọ̀.

Wọ́n tún ní epo tuntun ń bọ̀, tí wọ́n ń ṣe láti ara òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan. Epo náà dára, èérún rẹ̀ kéré sí ti àtijọ́, àwọn ará Yúróòpù sì ti fi òfin sọ ọ́ láti 2025 pé kí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún epo bàálù jẹ́ irú rẹ̀. Àmọ́ ní 2024, ìdá 0.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ nínú epo bàálù tí wọ́n ṣe ní gbogbo ayé. Ní tiwa ńbí, mo fẹ́ rí ẹni tí yóò gba òróró tó kù nínú agbada lọ́wọ́ alákàrà Máfolúkù. Wọn kì í dà á nù. Òun ni wọn yóò fi dín ti ọ̀la.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le tó bẹ́ẹ̀. Kí ìjọba Èkó àti àwọn aláṣẹ ìrìnnà òfuurufú jọ gbé ẹ̀rọ tó ń ka èérún, kì í ṣe èyí tó ń wọn ìwúwo nìkan, sí Máfolúkù, Ṣàṣá, Ìkẹjà àti orí tàmáàkì fúnra rẹ̀. Kí wọ́n fi í síbẹ̀ fún ọdún kan gbáko, kí atẹ́gùn òkun àti ọyẹ́ lè kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ̀yin oníwèé ìròyìn sì máa tẹ iye tó bá kà jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹ ti ń tẹ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là jáde. Ilé iṣẹ́ tó bá gba ènìyàn sórí tàmáàkì gbọ́dọ̀ fún un ní ìbomú gidi, kí dókítà máa yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò lọ́dọọdún, kí ìwé àyẹ̀wò náà sì jẹ́ tirẹ̀ bó bá ń lọ. Ti iná tí yóò máa jẹ́ kí wọ́n lè pa APU, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà gùn, ṣùgbọ́n ibi kan kò sí tó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ fa iná tó dúró ṣinṣin sí ju ẹsẹ̀ bàálù lọ.

Àwa méje la jọ wọṣẹ́ lọ́dún kan náà, mẹ́ta ló kù tó ṣì ń pe ara wọn lórí fóònù. Ẹ̀jẹ̀ ríru pa ẹnì kan, ọkọ̀ pa ẹnì kan, ikọ́ tí dókítà kò rí ìdí rẹ̀ pa ẹni méjì. N kò sọ pé èéfín ló pa wọ́n. Kò sí ẹni tó ka nǹkan kan nígbà náà, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé òun ni tàbí òun kọ́.

Òrùlé ilé mi kọjú sí pápákọ̀ náà, kò sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dí i. Bí wọ́n bá ń wá ibi tí wọn yóò gbé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ sí, kí wọ́n wá, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Iná nìkan ni n kò lè ṣèlérí, nítorí pé bí mo bá fi jẹnẹrétọ̀ gbé e, èéfín tèmi ni yóò máa kà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan,
Máfolúkù, Òṣòdì, Èkó.